Ògiri Tí A Fi Ọ̀wẹ̀ Mọ

Mo rántí ìgbà tí sìmẹ́ńtì kì í kúrò lábẹ́ èékánná mi. Bí mo bá fẹ́ jẹun, ìyàwó mi á bu omi fún mi, n óò fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ bí mo bá bu òkèlè, sìmẹ́ńtì ni n óò kọ́kọ́ tọ́ wò. Bíríkìlà ni mí nígbà náà, bíríkìlà náà ni mo ṣì jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Àdúgbò tí kò jìnnà sí ààfin ni wọ́n bí mi sí, ìlú Ọ̀yọ́ náà ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé iṣẹ́ kì í pa ni, ìṣẹ́ ló ń pa ni. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ débi pé n kì í sinmi, ìṣẹ́ náà kò sì tìtorí ìyẹn fi mí sílẹ̀.

Lásìkò yẹn ni wọ́n mú mi lọ sílé olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní èdè Faransé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ọ̀yọ́, pé kí n bá a tún ilé ìdáná rẹ̀ mọ. Tísà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, Tísà náà ni èmi náà yóò máa pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì bá mi po sìmẹ́ńtì. N kò rí alákọ̀wé tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tí mo mọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń dúró sí, tí wọ́n á máa sọ fún ọ pé ògiri náà wọ́, bẹ́ẹ̀ ojú wọn ló wọ́.

Bí a bá jókòó láti jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn olórí ìlú kan fún mi, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, láyé ìgbà tí àwọn bàbá bàbá wa ṣì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìbàdàn. Ó ní ọmọ ahunṣọ ni ọkùnrin náà, pé òun fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ òwú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dìbò yàn án. Nígbà tó gorí oyè, ó kọ́ ilé ìwẹ̀ fún àwọn tí kò ní, ó ń bọ́ àwọn ọmọ iléèwé lọ́sàn-án, ó sì kọ̀, kò kúrò nínú yàrá tí òun àti ìyàwó àti ọmọ ń gbé tẹ́lẹ̀. Tísà á wá wò mí lójú, á ní, “Ọ̀gá Bíríkìlà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó ni ibi tó ti ń ṣe é.” Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, orí mi á wú. N kò mọ ibi tí ilẹ̀ Faransé wà, n kò sì mọ orúkọ ọkùnrin yẹn títí di òní, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ṣáájú lọ sí ìdálẹ̀. Ìtàn máa ń tètè mú mi. Ẹni tó bá fẹ́ kí n ṣiṣẹ́ fún òun lówó pọ́ọ́kú, kó ti pa ìtàn fún mi ná, n óò gbà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni iṣẹ́ gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí yunifásítì, gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ní àdúgbò Under G ló ń sáré kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́, bíríkìlà kò sì tó. Mo mú ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa dání, a gba yàrá kan, ìyàwó mi ń se ìrẹsì tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èmi wá darapọ̀ mọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà lórí ilẹ̀ gbalasa kan nítòsí oríta Ọjà Igbó. Ilẹ̀ káńsù ni. Mẹkáníìkì wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń tún ọ̀kadà ṣe wà níbẹ̀, kálukú ta páànù lé orí igi, ó fi ṣe ìsọ̀. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà wá níbẹ̀. Alága káńsù tó bá ti dé tuntun ni yóò wá halẹ̀ mọ́ wa pé òun yóò lé wa. A ti fi ẹ̀bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ àwọn kan, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀bẹ̀ kò ní ràn án mọ́. Bí ilẹ̀ yẹn bá sì lọ, a kò ní ibòmíràn tí oníbàárà ti lè rí wa.

Ohun tó so wá pọ̀ ni àáró. Oko ni àwọn bàbá wa fi ń ṣe àáró: lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ á bá ọ roko tìrẹ, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á bá mi ro tèmi, títí yóò fi kárí. Àwa kò ní oko, ilé la fi ń ṣe tiwa. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ó pé jọ sórí ilẹ̀ ẹni tí àáró kàn, a ó bá a kọ́ yàrá kan. Káfíńtà á kan òrùlé, wẹ́dà á jó irin fèrèsé, ẹni tí kò mọ̀ ju kó pọn omi lọ á pọn omi. Ẹnikẹ́ni kì í gba kọ́bọ̀. Kò sí ìwé níbẹ̀, kò sí ìbúra, nítorí ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án padà, ibo ni yóò gbé ojú rẹ̀ sí láàárín ìlú? Wọ́n fi mí ṣe olórí àáró nítorí pé ohùn mi ròkè, n kì í sì í fẹ́ rí ẹni tó jókòó nígbà tí ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Tísà gbọ́ nípa àáró yìí, ó ní òun náà fẹ́ wọ̀ ọ́. Ó ń wọkọ̀ wá láti Ọ̀yọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, ó ń bá wa ru búlọ́ọ̀kù títí awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Àwọn obìnrin àdúgbò máa ń yọjú wò ó. Inú abọ́ kan náà ló ti ń bá wa jẹun, bí àkókò ìrun bá sì tó, òun tó jẹ́ onígbàgbọ́ ló ń bu omi sínú kẹ́tùlù fún àwa Mùsùlùmí. Bí a bá bi í pé nígbà wo ni ká wá kọ́ yàrá tirẹ̀, á ní ká fi í sílẹ̀ ná, pé bí àáró bá kan òun, òun yóò wí. A ń yìn ín pé kò ní ojúkòkòrò.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bá wa yìn ín. Àgbà kan wà láàárín wa tí à ń pè ní Bàbá Káfíńtà, díákónì ni wọ́n nínú ìjọ kan náà tí Tísà ń lọ, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ kan tí a ń kan òrùlé, wọ́n yọ ìṣó tí wọ́n há sẹ́nu, wọ́n ní, “Ẹni tó bá ń bá wa roko tí kò fi oko tirẹ̀ hàn wá, ẹ bi í léèrè bí oko náà ṣe fẹ̀ tó.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ dá wọn lóhùn pé, Bàbá, àgbà ti ń jẹ́ kí ẹ máa fura sí ènìyàn rere. Wọ́n dá ìṣó wọn padà sẹ́nu, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Nígbà tí ìbò káńsù ń bọ̀, Tísà fi iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Ó pè wá jọ sábẹ́ páànù mi lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó dìde, ó ní àáró ti kan òun. Ó ní òun kò fẹ́ yàrá, òun kò fẹ́ ilé. Alága káńsù ni òun fẹ́ ṣe, kí a wá bá òun ro oko náà. Bí a bá ro ó yọrí, ilẹ̀ ìsọ̀ wa yóò di tiwa, a kò tún ní bẹ alága kankan mọ́ láyé wa. Gbogbo wa ké hè. Ta ni yóò kọ̀? Kò sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa tí ọkùnrin náà kò ru búlọ́ọ̀kù sí. Bí o bá kọ̀ fún un, o ti jẹ àáró láìsan nìyẹn.

A ro oko náà. Èmi tí n kò dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú rí, mo di ẹni tó ń gun òkìtì iyanrìn sọ̀rọ̀. Mo ra fìlà pupa kan tó kéré sí orí mi, mo ń dé e wọ inú oòrùn, nítorí Tísà ní àwọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni. Wọ́n ń pè mí ní Kọ́mírédì. Ẹni tó bá pè mí ní Bíríkìlà lásìkò yẹn, n kì í tètè dá a lóhùn. Ìyàwó mi á máa wò mí bí mo ti ń tún fìlà náà ṣe níwájú dígí, á ní, “Kọ́mírédì, gaàrí ti tán nílé o.” A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì, ṣùgbọ́n orí tèmi ń mì kọjá bó ṣe yẹ. Fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àpò mẹ̀kúnnù ni nígbà náà, ẹsẹ̀ la fi ń polongo. A wọ agbolé, a wọ ṣọ́ọ̀ṣì, a wọ mọ́ṣáláṣí. Níbi tí wọn kò bá ti mọ Tísà, orúkọ ara mi ni mò ń fi dúró fún un. Mo ń sọ fún wọn pé, bí ẹ bá ti mọ̀ mí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ó wọlé.

N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dára. Ọ̀kadà ló ń gùn lọ sí ọ́fíìsì, tí àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ á máa sáré tẹ̀lé e lórí ọ̀kadà mìíràn. Ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àdúgbò tí kò lómi, ó ní kí wọ́n máa se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Èmi ni mo kọ́ ilé ìwẹ̀ kan fún un sẹ́yìn ọjà, bí mo sì ti ń mọ ọ́n ni mò ń ro ọkùnrin ilẹ̀ Faransé yẹn, tí inú mi ń dùn. Nígbà tó yá, mọ́tò ńlá tí gíláàsì rẹ̀ dúdú rọ́pò ọ̀kadà. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ènìyàn pé nítorí ààbò ni. Nígbà tó tún yá, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yọjú sí ìsọ̀ wa mọ́. Mo ṣàlàyé ìyẹn náà pé iṣẹ́ ló pọ̀. Kò rán mi ní àlàyé kankan, èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi hun ún.

Lọ́jọ́ kan, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní àwọn kan ń fojú sí ilẹ̀ wa, pé ohun tí òun fẹ́ ṣe ni kí òun mọ ògiri yí i ká, kí òun da kọnkéré sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀, kí òun sì kọ́ ìsọ̀ gidi tí ẹ̀fúùfù kò ní ká páànù rẹ̀. Ó ní àpò káńsù kò kún, òun lè ra búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ṣùgbọ́n òun kò ní owó òṣìṣẹ́, ṣé a lè fi ọ̀wẹ̀ ṣe é? Ọ̀wẹ̀ ni ká pe gbogbo ènìyàn wá ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ìfẹ́, kí ẹni tó pè wọ́n sì fún wọn lóúnjẹ. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti ní a óò ṣe é. N kò bèèrè ìwé ilẹ̀. Láàárín àwọn tó ń jẹ àáró, ta ní ń bèèrè ìwé? Wẹ́dà, ọ̀rẹ́ mi tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tèmi, ní òun yóò jó géètì rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Alága ní kó fọkàn balẹ̀, géètì ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ó dun Wẹ́dà. Ó ní kí ló dé tí géètì ilé òun yóò fi ti ọwọ́ àjèjì wá. Mo ní kó má fi nǹkan kékeré bínú.

Ọ̀wẹ̀ náà dùn. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ọ̀wẹ̀ pàdé rí, n kò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ fún yín. Àwọn ìyàwó wa dáná lábẹ́ igi, ìyàwó mi ló se ìrẹsì, àwọn ọkùnrin ń ju búlọ́ọ̀kù sí ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Alága wá fúnra rẹ̀. Ó bọ́ agbádá, ó gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ lélẹ̀, wọ́n ya fọ́tò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kí n lè bá a tẹ búlọ́ọ̀kù náà jókòó dáadáa, mo sì kíyè sí i pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti rọ̀. Lẹ́yìn tó lọ, mo na okùn, mo ń lọ mo ń bọ̀, ẹni tí ìlà búlọ́ọ̀kù rẹ̀ bá yà díẹ̀, mo ní kó wó o kó tún un tò. Wọ́n ń ráhùn pé ògiri ọgbà lásán nìyí, kì í ṣe ààfin. Mo ní ilé ara wa là ń kọ́, a kò gbọdọ̀ rẹ́ ẹ jẹ. A mọ ògiri náà títí ó fi ga ju orí ènìyàn lọ. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi, n kò ṣe èyí tó dára jù ú lọ.

Ó wá ku kọnkéré. Alága ránṣẹ́ pé kí a kó gbogbo ẹrù wa jáde fún ìgbà díẹ̀, kí ilẹ̀ lè mọ́. Àwọn ènìyàn lọ́ra. Èmi ni mo ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tí mò ń pàrọwà fún wọn, tí mo ń bá wọn tú páànù, tí mo ń bá wọn gbé bẹ́ǹṣì. Bàbá Káfíńtà ló kó kẹ́yìn. Wọ́n jókòó lórí pákó, wọ́n wò mí fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní, “Bí ìwọ bá ní kí n kó, n óò kó.” Mo fi ọ̀wọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. A kó irinṣẹ́ wọn sábẹ́ tapólì létí títì.

Géètì náà dé lórí ọkọ̀ àjàgbé, òun àti àwọn ọlọ́pàá. Ẹrù ńlá ni, irin tó nípọn. Àwọn tó bá a wá gbé e ró, wọ́n sì wa katapílà kan wọ inú ọgbà, ó ń fa àwọn òpó tó kù tu. Mo sún mọ́ ẹni tó jẹ́ aṣáájú wọn, mo kí i, mo bi í pé ìgbà wo ni wọn yóò da kọnkéré. Ó ní kọnkéré wo? Ó ní ará Èkó kan ló ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ káńsù, ṣọ́ọ̀bù alájà ni yóò kọ́ síbẹ̀, pé wọ́n ti sọ fún òun pé káńsù yóò bá wọn mọ ògiri rẹ̀ kí àwọn tó dé. Ó wá yìn wá. Ó ní ògiri náà tọ́. Ó ti géètì, ó fi kọ́kọ́rọ́ há a, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sápò. Gbogbo wa dúró síta pẹ̀lú ẹrù wa nílẹ̀. N kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Mo lọ sí ọ́fíìsì Alága. Mo jókòó láti òwúrọ̀ títí ìrun Àyìlá fi kọjá kí wọ́n tó ní kí n wọlé. Kò pè mí ní Kọ́mírédì lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pé àṣẹ ti òkè wá, pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn ló ń pọn òun lójú, pé ìlú gbọ́dọ̀ dàgbà, ìsọ̀ páànù kò sì bá ìlú tó ń dàgbà mu. Ó ní òun kò gbàgbé mi, òun yóò wá nǹkan kan fún mi ṣe. Mo ní, “Tísà, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló yẹ kó ni ibi tó ti ń ṣe é. Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ.”

Mo rò pé ojú yóò tì í. Ó fà sẹ́yìn lórí àga, ó ní, “Ta ló lé yín? Ẹ̀yin lẹ kó ẹrù yín jáde, ẹ̀yin náà lẹ mọ ògiri. Èmi ò gbé ju búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo lọ.”

Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yẹn, mo ti fi gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn rí. Ìgbà tí mo jáde ní ọ́fíìsì yẹn ni mo tó mọ bí ata náà ṣe ń ta. Ó dùn mí ju bí ẹni tó sọ ilẹ̀ nù lọ. Ọkùnrin yìí ti bu omi àlùwàlá fún mi. Ó ti bá mi jẹ nínú abọ́. Mo ń bi ara mi pé ọjọ́ wo gan-an ló ti ń parọ́ fún mi, ṣé láti ìgbà ilé ìdáná Ọ̀yọ́ ni, àbí ó kọ́kọ́ fẹ́ràn wa lóòótọ́ kí oyè tó yí i lórí? N kò mọ èyí tí ì bá sàn fún mi nínú méjèèjì.

Kò tíì tán. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan lọ bá a láti bẹ̀ ẹ́, ó ní kí ni wọ́n ń bẹ òun sí, pé olórí wọn mọ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lọ bi mí. Wẹ́dà ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá sílé mi. Kò jókòó. Ó bi mí lójú ìyàwó mi pé, “Ọ̀gá, ṣé òótọ́ ni?” Mo ní kí ó mú Àlùkùránì wá kí n fi búra. Ó mi orí. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé bí a bá ti mọ̀ yín, a ti mọ̀ ọ́n.” Ó jáde. Láti ọjọ́ náà, n kò tún gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Wọ́n ní mo ti kọ́ ilé sí Ọ̀yọ́ nínú owó ilẹ̀ náà, èmi tí àáró kò tíì kàn, tí mo ń sọ pé kí wọ́n fi tèmi ṣe ìkẹyìn. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ dáná ọ̀wẹ̀ kò kí ìyàwó mi mọ́. Bí ó bá kí wọn pé ẹ kú ọjà, wọ́n á máa wo ìkòkò wọn. Lálẹ́, yóò gbé ìrẹsì rẹ̀ padà sílé, àwa àti àwọn ọmọ á sì jẹ ẹ́.

Mo lọ bá Bàbá Káfíńtà létí títì níbi tí òjò ti ń pa irinṣẹ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ní, Bàbá, n kò gba nǹkan kan o, n kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n ní, “Mo mọ̀ pé o ò gba nǹkan kan. Ìwọ ò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.” Wọn kò fi ṣe ẹ̀gàn, inú rere ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn nìkan ló gbà mí gbọ́ ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́, ìdí tí wọ́n sì fi gbà mí gbọ́ nìyẹn. Mo sunkún níwájú wọn bí ọmọdé.

A kó padà sí Ọ̀yọ́ kí ọdún tó yí po. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, mò ń bá àwọn tí mo jù lọ ru búlọ́ọ̀kù. Tísà lo sáà rẹ̀ pé, ó lọ sí Ìbàdàn, ó joyè. Olóyè ni wọ́n ń pè é báyìí. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò láìpẹ́ yìí tí wọ́n fi ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pè é ní bàbá mẹ̀kúnnù. Ó ń sọ nípa àáró pé ohun tí àwọn òyìnbó fi ìwé kọ́, àwọn baba wa ti ń fi oko ṣe é tipẹ́. Ohùn rẹ̀ ṣì dùn. Bí ìyàwó mi kò bá pa rédíò náà, ó ṣeé ṣe kí n tún gbà á gbọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ogún ọdún náà ti pé, ó ti lé. Bóyá òtítọ́ tèmi dúró jẹun lọ́nà ni.

N kì í pe ọ̀wẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìjì ká òrùlé ilé mi níjelòó, àwọn aládùúgbò ní kí n pariwo, pé àwọn yóò wá bá mi kàn án. Ènìyàn rere ni wọ́n, mo mọ̀ pé wọn yóò wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ pe ọ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ lè la ẹnu kó sọ fún ènìyàn pé, ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ kí ẹ gbà mí gbọ́. Mo la ẹnu náà, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo lọ gba lébírà, mo sanwó.

Nígbà tí Bàbá Káfíńtà kú, mo lọ síbi ìsìnkú wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo ti ń padà bọ̀, mo ní kí ọlọ́kadà já mi sílẹ̀ ní Ọjà Igbó. Ṣọ́ọ̀bù náà ti ga sókè, wọ́n ti kùn ún, orin ń dún níbẹ̀. Ojú mi kò sí lára rẹ̀. Mo ń tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri náà lọ, mò ń wá ibi tó ti sán. Iṣẹ́ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí òjò àti oòrùn ti ń lù, ó yẹ kó ti sán níbì kan. Mo wò ó láti igun kan dé ìkejì, n kò rí ibi tó là. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé e. Ó tutù, ó tọ́, ó dúró gírígírí. Ẹni tó bá fi ìfẹ́ ṣiṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń lágbára.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣọ́ géètì rí mi. Ó rìn wá, kò yájú, ó ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ kúrò lára ògiri ológiri.”

Mo ní kó má bínú. Mo gbọn eruku kúrò lọ́wọ́, mo sọdá títì lọ wá ọkọ̀ Ọ̀yọ́. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí, òótọ́ ló sọ.